Ọjọ́ Tí Mo Jókòó Sẹ́yìn ní Kíláàsì Màmá

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́: nígbà tí wọ́n pè wá fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọ̀gá ilé-ìwé, inú mi ò dùn rárá. Mo ti lọ irú rẹ̀ rí. Wọ́n á ní ká pàtẹ́wọ́, ká jó, ká di èjìká ẹni tó wà nítòsí wa mú, lẹ́yìn náà wọ́n á pín ìrẹsì fún wa, oníkálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Kí ni ìyẹn fẹ́ ṣe fún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí òrùlé rẹ̀ ń jò? Àmọ́ mi ò tíì pẹ́ lórí ipò, ẹni tuntun ò sì gbọdọ̀ ṣorí kunkun. Mo gbéra nílé mi ní Òkè-Afá ní kùtùkùtù, mo dé gbọ̀ngàn tí wọ́n lò l'Óṣòdì, mo jókòó, mo fọwọ́ lẹ́rán.

Obìnrin tó wá dá wa lẹ́kọ̀ọ́ kéré sí mi lọ́jọ́ orí dáadáa. Kò ní ká jó. Ó kàn bi wá pé ìgbà wo la jókòó sẹ́yìn kíláàsì olùkọ́ wa kan gbẹ̀yìn, láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí dé òpin. Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí: ọ̀gá á yọjú lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọ á dìde, wọ́n á fi orin kí i, olùkọ́ á pe ọmọ tó mọ̀wé jù kó dáhùn, ọ̀gá á rẹ́rìn-ín, ó parí. Obìnrin náà wá gbé iṣẹ́ fún wa. Ká lọ jókòó lórí àga àwọn ọmọ, ká má sọ̀rọ̀, ká má kọ nǹkan kan sílẹ̀. Tí iṣẹ́ bá parí, ká bi olùkọ́ náà pé ibo ló ti fẹ́ ká ran òun lọ́wọ́, ká sì pa ẹnu mọ́ títí tó máa fi dáhùn. Lẹ́yìn náà, ká padà wá ròyìn lójú gbogbo ènìyàn.

Mo mọ kíláàsì tó yẹ kí n lọ, ẹ̀rù rẹ̀ ló sì ń bà mí. Kíláàsì àkọ́kọ́ nílé-ìwé wa n'Ísọlọ̀ ni, Màmá ló sì ni ín. Gbogbo wa la ń pè é bẹ́ẹ̀, torí òun ló dàgbà jù, òun ló sì kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa níṣẹ́. Nígbà tí wọ́n fi mí jọ̀gá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní "Ọ̀gá mi", èmi náà ò sì yé kúnlẹ̀ kí i. Àmọ́ olùkọ́ kíláàsì kejì ti ń kùn sí mi létí pé àwọn ọmọ tó ń wá látọ̀dọ̀ Màmá ò mọ̀wé kà. Ó ku díẹ̀ kí Màmá fẹ̀yìn tì. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé etí àwọn aláṣẹ, wọ́n lè ní kó máa lọ sílé ṣáájú àkókò, ìtìjú gbáà nìyẹn fún ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ta ló máa wá bá a sọ ọ́? Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwọn ọ̀gá tó ṣáájú mi gan-an ò jókòó ní kíláàsì rẹ̀ rí. Lójú wọn, àfojúdi ni.

Mo lọ ṣá. Mo ti jókòó sẹ́yìn kí agogo tó dún, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Màmá ṣí ìwé, ó ń kà, àwọn ọmọ ń tẹ̀ lé e, ohùn wọn ròkè, ó dùn ún gbọ́. Mo ti ń bínú sí olùkọ́ kíláàsì kejì lọ́kàn mi pé elénìní ni. Ìgbà náà ni mo wo ìwé ọmọ tó jókòó tì mí. Ojú ìwé tó ṣí kọ́ ni wọ́n ń kà. Mo wo ti ẹnì kejì rẹ̀, òmíràn ló ṣí. Wọ́n ti há ìtàn náà sórí ni, kò sẹ́ni tó ń wo ìwé. Mo gbójú sókè wo Màmá. Àwòrán tó wà lẹ́yìn ìwé ọwọ́ rẹ̀ dorí kodò.

Nígbà tí àwọn ọmọ jáde lọ ṣeré, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀, mo bi í pé ibo ló ti fẹ́ kí n ran òun lọ́wọ́. Ó ní kò sí o, gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa, ó sì ṣàdúrà fún mi. Mo dákẹ́. Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi, ó ń yún mi lẹ́nu, mo ṣáà dákẹ́. Màmá kó ẹrù rẹ̀ sí báàgì, ó tún kó o jáde.

"Ọ̀gá mi, mi ò rí lẹ́tà mọ́," ló wí. "Ẹ̀yin tí ẹ kúnlẹ̀ yìí, òjìji yín ni mò ń wò."

Ó ní òun rò pé òun á rọ́jú títí òun á fi fẹ̀yìn tì. Ó bẹ̀ mí pé kí n bo òun láṣìírí. Inú bí mi, àmọ́ kì í ṣe sí i. Àwa ló bí mi sí, àwa tí à ń kúnlẹ̀ láràárọ̀ tí a ò wo ojú ẹni tí à ń kí. A ní ọ̀wọ̀ ni.

Mo sọ fún un pé, "Màmá, mi ò ní parọ́ fún wọn, mi ò sì ní jẹ́ kí wọ́n lé yín."

Ó pòṣé, ó ní ta ni mo jẹ́ tí mo fẹ́ dá wọn dúró. Kò bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́ títí mo fi mú un lọ sí ọsibítù. Dókítà ní nǹkan funfun kan ló bo ẹyin ojú rẹ̀ méjèèjì, pé wọ́n lè yọ ọ́. Mo lọ bá àwọn aláṣẹ, mo bẹ̀, mo rojọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Wọ́n gbà kó lọ gba ìtọ́jú, kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé, mo fi olùkọ́bìnrin ọ̀dọ́ kan tì í: ìyẹn ń kọ sójú pátákó, ó ń fi ọwọ́ àwọn ọmọ tọ lẹ́tà, Màmá ń kọ́ wọn ní ìró àti orin. Màmá ní ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọbìnrin yẹn dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Mo ní, Màmá, ṣé ẹ rí i ni? Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tó kàn mí láti ròyìn l'Óṣòdì, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo ní a bọ̀wọ̀ fún olùkọ́ wa kan débi pé a ò mọ̀ pé kò ríran mọ́. Ọ̀gá àgbà kan tó jókòó níwájú mi ní òun náà ní irú Màmá bẹ́ẹ̀, pé òun á lọ jókòó ní kíláàsì rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ojú kan ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún Màmá tiwa. Láàárọ̀ ọjọ́ tó padà, mo tẹ̀ lé e wọ kíláàsì. Àwọn ọmọ dìde, wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ orin, ó ní rárá, kí wọ́n kí òun lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yọ awò dúdú ojú rẹ̀. Ohùn wọn nìkan ló mọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ń ti ìdí àga kan bọ́ sí èkejì, ó ń gbọ́ ohùn, ó ń wo ojú, kò yára rárá. Ó dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin kékeré kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká. Ìyẹn ní, ẹ káàárọ̀ mà. Màmá di àgbọ̀n rẹ̀ mú, omi lé ròrò sí i lójú, tèmi ti ń dà ní tèmi.

"Ṣé ìwọ nìyí?"

Ọmọ náà wò ó bí ẹni tó béèrè ìbéèrè tó rọrùn jù.

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Èmi ni."