Kámẹ́rà Tí Kò Ké

Kà-ṣà! Bí kámẹ́rà mi àtijọ́ ṣe máa ń ké nìyẹn. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Amúkókò, ẹni tó ń ra búrẹ́dì ní òdìkejì títì á gbọ́ ọ. Dígí kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, òun ló ń gbé ojú ẹni tó wà níwájú wá sí ojú mi. Tí mo bá ti tẹ bọ́tìnì, dígí yẹn á fò sókè kí ìmọ́lẹ̀ lè ráyè kọjá, á sì já padà wálẹ̀. Òun ló ń pariwo. Ní ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ tó bá fi wà lókè, òkùnkùn á bò mí lójú. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí ó gbà mí ní ọdún púpọ̀ kí n tó ronú kàn án: ìgbà tí fótò ń wọlé gan-an ni èmi tí mò ń yà á kì í rí nǹkan kan.

Mi ò ronú bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ọ̀gá ni mí nígbà náà. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà ní Ìsẹ́yìn kí àbúrò bàbá mi tó mú mi wá sí Èkó, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti gbé kámẹ́rà onídígí yẹn kọ́rùn, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ oyè ni mo ń rìn. Gbogbo Ajégúnlẹ̀ ń pè mí ní Bàbá Fótò, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ orúkọ mi. Èmi mọ orúkọ wọn. Títí di òní, ẹ gbé fótò èyíkéyìí tí mo yà síwájú mi, màá sọ fún yín pé Mùídá tó ń ru ẹrù ní Kìríkìrì nìyí, Àlàájì Gàníyù onítírélà nìyí, èyí tó dijú yìí ni àbúrò rẹ̀, Ràṣídì, òun náà ló dijú nínú èyí tí a yà lọ́dún tó tẹ̀lé e.

Mo ní lẹ́ǹsì gígùn kan nígbà yẹn, ó gùn tó agolo mílíìkì mẹ́ta tí wọ́n tò léra wọn. Èébu ti bo inú rẹ̀, kò ṣeé fi ya ohunkóhun. Síbẹ̀, kò sí òde tí mi ò gbé e lọ, torí bí kámẹ́rà ṣe tóbi tó ni àdúgbò wa fi ń wọn ọgbọ́n ẹni tó gbé e. Bí wọ́n bá ti rí lẹ́ǹsì náà, wọ́n á ní kí ẹnì kan dìde kí Bàbá Fótò lè jókòó. Àìmọye àga tí mo ti jókòó sí, èébu ló bá mi gbà á.

Àwọn oníbàárà fẹ́ràn ariwo kámẹ́rà mi. Wọ́n á mú èémí dání, wọ́n á ranjú, wọ́n á gbé èjìká sókè, kò sì sí ẹni tó máa mí títí wọ́n á fi gbọ́ kà-ṣà. Nítorí náà, tí ẹ bá wọ ilé kan ní Amúkókò, tí ẹ rí fótò lára ògiri, tí gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ dà bí ẹni tí ọlọ́pàá ní kó dúró, ẹ má wulẹ̀ bèèrè. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.

Ẹni tó le jù nínú wọn ni ìyàwó mi, Mojísọ́lá. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ń lọ mọ́sálásí, a ò sì jà rí lórí ìyẹn. Orí fótò la ti máa ń jà. Obìnrin yìí kò mọ̀ ju ẹ̀rín lọ. Tó bá ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ á dì, orí rẹ̀ á lọ sẹ́yìn, á máa fi ọwọ́ gbá itan, èjí rẹ̀ á sì hàn síta. Ṣùgbọ́n kí n kàn gbé kámẹ́rà sókè báyìí, ó tán. Á pa ẹnu dé, á na ọrùn, á máa wò mí bí adájọ́ tó fẹ́ sọ mí sẹ́wọ̀n. Dígí á ké kà-ṣà, ìgbà yẹn ni yóò tó bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ẹ̀yìn fótò ni ẹ̀rín rẹ̀ máa ń dé.

“Bàbá Fọlákẹ́, ẹ ò tíì ya èmi gan-an rí o,” ló máa ń wí.

“Ta wá ni mò ń yà láti ọjọ́ yìí?”

“Ẹ̀gbọ́n mi kan ni. Inú ń bí i.”

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni Wàsíù, tí òun náà ń ya fótò ní òdìkejì títì, gbé kámẹ́rà tuntun dé, èyí tí kò ní dígí. Ó kéré bí ọṣẹ ìfọṣọ. Mo sọ fún gbogbo ẹni tó bá dúró gbọ́ pé fóònù tó wọ agbádá ni. Mo ní bátìrì tèmi máa ń ti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, Wàsíù ń pààrọ̀ tirẹ̀ bí ẹni ń pààrọ̀ ìtẹ́dìí ọmọ. Wọ́n ní férémù kékeré kan wà nínú tirẹ̀ tó máa ń lẹ̀ mọ́ ojú èèyàn, ibi tí ojú bá yí sí, òun náà á yí síbẹ̀. Mo ní ojóró nìyẹn, kámẹ́rà ló ń ṣiṣẹ́, Wàsíù kàn ń bá a rìn kiri ni. Tèmi wúwo débi pé ọrùn kì í jẹ́ kí n sùn, mo sì ń fi ọrùn dídùn yẹn yangàn bí ẹni tó ti ogun dé.

Lọ́jọ́ kan, a jọ pàdé níbi ìgbéyàwó kan ní ṣọ́ọ̀ṣì Mojí. Pásítọ̀ ń gbàdúrà lórí tọkọtaya, gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Mo tẹ̀ ẹ́, kà-ṣà! Pásítọ̀ dákẹ́. Mo rò pé ó ti parí, mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó la ojú méjèèjì, ó ní, “Bàbá Fótò, ṣé kí n dúró dè yín ni?” Wàsíù wà níbẹ̀ tó ń yà bí ẹ̀mí àìrí, kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan lára rẹ̀. Nígbà tí a dé ilé, Mojí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí Fọlákẹ́ ọmọ wa, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn tó ń kó ẹrù jáde ní Wharf Road, gbé páálí kan wá bá mi.

“Bàbá mi, ẹ gbà. Àwọn ayé ti fi dígí sílẹ̀. Ohun tí ẹ bá rí nínú èyí gan-an ló máa jáde. Kì í ṣókùnkùn, kì í sì í pariwo. Mo ti tò ó sílẹ̀ fún yín.”

“Kámẹ́rà tí kì í pariwo? Ṣé olè ni mo fẹ́ fi jà ni?”

“Ẹ ṣáà jẹ́ kí n kọ́ yín, sà. Kò lè gbà wá ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.”

“Ìwọ kọ́ èmi? Fótò? Ta ló ya ọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ?”

Bí mo ṣe lé ẹ̀kọ́ mi padà sí Wharf Road nìyẹn.

Ní ọjọ́ Sunday kan, Mojí ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó sì wá jókòó sórí àga onígi tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí. Gèlè rẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀.

“Ẹ fi tuntun yẹn yà mí. Ẹ má gbé onídígí sún mọ́ mi, adájọ́ yẹn ti sú mi.”

Mo gbé e jáde nínú páálí. Ó fúyẹ́ débi pé ó tì mí lójú. Mo wò ó, Mojí wà nínú rẹ̀, ó ti na ọrùn. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò ké. Èyí àtijọ́, tó bá ti ké tán, fótò á jáde sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí n rí i. Èyí kò gbé nǹkan kan jáde. Mojí ṣì ń ṣẹ́jú lójú rẹ̀ bí ẹni tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n.

“Ó ti wọlé?”

“Kò tíì wọlé. Má mira.”

Mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Mo fi ìka àárín tẹ̀ ẹ́. Ọrùn Mojí bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀.

“Bàbá Fọlákẹ́, ebi ń pa mí o.”

“Má mira, mo ní!”

“Ṣé ẹ mọ ibi tí bọ́tìnì rẹ̀ wà ṣá? Ẹ jẹ́ kí n pe Wàsíù wá kó bá yín tẹ̀ ẹ́.”

“Má dárúkọ yẹn nínú ṣọ́ọ̀bù mi!”

Inú ti ń bí mi. Mò ń tẹ̀ ẹ́ láìdáwọ́ dúró, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn onígbèsè. Kọ́mfọ́tì, aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, yọ orí wọlé, ó wò mí, ó wo Mojí, ó ní, “Baba Foto, na camera be that abi na soap?” Ó tó. Ẹ̀rín kò jẹ́ kí Mojí lè jókòó ṣinṣin lórí àga mọ́. Mò ń pariwo pé kó jókòó dáadáa, mò ń tẹ bọ́tìnì pẹ̀lú ìbínú, ojú kámẹ́rà bá ṣókùnkùn pátápátá. Bátìrì ti kú.

“O rí i?” mo wí. “Ayédèrú ni wọ́n tà fún Fọlákẹ́.”

Mo dá a padà sínú páálí. Mo gbé onídígí mi. Adájọ́ jókòó, kà-ṣà, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ìyẹn ni kámẹ́rà,” mo wí, inú mi sì dùn bí ẹni tó jàre.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló tún rán mi létí lẹ́yìn ìyẹn. “Ẹ jẹ́ kí Fọlákẹ́ kọ́ yín, ẹ wá tún mi yà.” Mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí ọyẹ́ mú lọ́dún yẹn, ó ní orí ń fọ́ òun. A gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ Tuesday. Ní Friday, èmi àti Fọlákẹ́ nìkan la padà wálé.

Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wá gba fótò tí wọ́n máa tẹ̀ síwájú ìwé ètò ìsìnkú. Mo kó gbogbo èyí tí mo ní jáde, mo tò wọ́n sórí ibùsùn wa. Ogójì adájọ́ ń wò mí láti orí ìrọ̀rí títí dé ẹsẹ̀ ibùsùn. Màmá Dọ́káàsì, tí òun àti Mojí jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà láti ìgbà tí Fọlákẹ́ ti wà lọ́mọ ọwọ́, mú ọ̀kan, ó gbé e jìnnà sójú, ó tún gbé e sún mọ́ ọn.

“Bàbá Fótò, ẹ má bínú. Ta nìyí?”

Kò fi ṣe àwàdà, èyí ló dùn mí jù. Mo ti ya gbogbo Ajégúnlẹ̀, mo ti ya àwọn tí mi ò fẹ́ràn, mi ò sì ní ìyàwó mi. Wọ́n á sin ín, ojú rẹ̀ á sì lọ. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n padà wá lọ́la, mo wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ, mo sì ti ilẹ̀kùn.

Fọlákẹ́ ló bá mi níbẹ̀. Ó rí páálí náà lábẹ́ tábìlì, ó bi mí pé kí ló ṣe é. Mo ní ó ti bàjẹ́ látọjọ́ tó ti gbé e wá. Ó fi bátìrì rẹ̀ sí ṣájà. Nígbà tó ṣe, mo gbọ́ tó pariwo.

“Bàbá mi! Ẹ wá wò ó!”

Fótò mọ́kànlélọ́gọ́ta. Adájọ́ ni mẹ́rin àkọ́kọ́. Nínú ìkarùn-ún, ọrùn rẹ̀ ti ń rẹlẹ̀. Ó wà níbì kan tó ń họ imú. Ó wà níbì kan tó ń nàka sí mi, ẹnu rẹ̀ yà, mo sì mọ̀ pé orúkọ Wàsíù ló wà lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, orí rẹ̀ lọ sẹ́yìn, ojú rẹ̀ dì, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan, gèlè pupa ń já bọ́, èjí rẹ̀ hàn síta. Mojísọ́lá mi. Ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ìyẹn nìkan.

“Èmi ni mo pa ariwo rẹ̀, sà,” Fọlákẹ́ ń sunkún, “nítorí pásítọ̀. Mo sì pa èyí tó ń gbé fótò jáde, kó má baà dá yín dúró. Bọ́tìnì kan lásán lẹ bá tẹ̀, ẹ̀ bá ti rí i.”

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fẹ́ fi kọ́ mi. Mojí ì bá ti rí ara rẹ̀.

Pásítọ̀ ní ẹ̀rín náà ti pọ̀ jù fún ìwé ìsìnkú, pé ṣé kò sí èyí tó níyì díẹ̀. Ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì jókòó lé e lórí fún odidi ọ̀sán kan. Màmá Dọ́káàsì ló dìde, ó ní, “Ojú Mojí nìyí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.” Wọ́n tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kámẹ́rà kékeré yẹn ni mo fi ń ṣiṣẹ́ báyìí. Fọlákẹ́ fi hàn mí pé mo lè jẹ́ kó máa ké, mo ní rárá, kó dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Oníbàárà á jókòó, á ranjú, á mú èémí dání, á bi mí pé ṣé ó ti wọlé. Màá ní kò tíì wọlé. Á tún bèèrè, màá ní bọ́tìnì rẹ̀ ló le. Kò ní pẹ́ tó máa fi bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi, tó máa yí sí ẹni tó bá a wá, tí wọ́n á jọ máa fi àgbàlagbà rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìgbà yẹn ni mò ń tẹ̀ ẹ́. Wàsíù wá bi mí lọ́jọ́sí pé báwo ni mo ṣe ń rí ojú àwọn èèyàn báyìí. Mo sọ fún un pé ọwọ́ mi ni. Irọ́ àtijọ́ kò tán lára mi.

Onídígí ṣì wà lórí pẹpẹ. Mo ti yọ káàdì inú rẹ̀. Láàárọ̀, kí n tó ṣí ilẹ̀kùn fún oníbàárà, mo máa ń gbé e, màá kọjú rẹ̀ sí àga onígi yẹn, màá sì tẹ̀ ẹ́. Kà-ṣà! Òkùnkùn á bò mí lójú díẹ̀. Kì í ṣe pé mo fẹ́ ya nǹkan kan. Lẹ́yìn ariwo yẹn ni Mojí máa ń rẹ́rìn-ín, mo sì máa ń dúró díẹ̀.