Wọ́n Da Tíì Sí Wàjàwàjà

Kí ni ẹ̀yin máa pe èyí? Kí àgbàlagbà mú ohun tó mọ́ tónítóní, kó mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹ̀gbin ra á lára, kó sì gbé e kọ́ sára ògiri kí àwọn èèyàn pàtàkì lè máa mi orí sí i! Kò wù mí láti kọ ọ́. Àmọ́ màá kọ ọ́.

Ìyá Wàjàwàjà ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà. Kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún, ìka rẹ̀ gùn, ihò imú ló sì fi ń rẹ́rìn-ín. Wàjàwàjà ni àwọn okùn òwú tó ń rọ̀ jọwọlọ létí aṣọ ojú fèrèsé, ní igun ìrọ̀rí àti ní ìdí àga olówó ńlá. Ọwọ́ ló fi ń ṣe é. Ọdún méjìlélógún ló ti ń ṣe é fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń ṣe àga onítìmùtìmù. Orúkọ ẹ̀gbọ́n wà lẹ́yìn àga kọ̀ọ̀kan. Tiẹ̀ kò sí níbì kankan.

"Ìdí àga ni iṣẹ́ tìẹ wà," ni ẹ̀gbọ́n máa ń wí. "Ta ló ń bẹ̀rẹ̀ wo ìdí àga?"

"Ọmọ tó ń rákòrò, àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ já bọ́," lòun náà máa ń dáhùn.

Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n yìí. Fèrèsé kan péré ló ní. Ẹ̀rọ ìhunṣọ kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, irin ìlọ́wùú kan tí wọ́n dè mọ́ tábìlì, àti baásíà mẹ́ta. Òwú ni mo lọ rà níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wákàtí mẹ́ta ni mo sì lò! Ẹni tí kò bá tíì rí fọ́nrán mẹ́ta tó ń sáré lọ́ mọ́ra, bí ẹni pé wọ́n ti ń wá ara wọn láti ọdún tó kọjá, kò tíì rí nǹkan kan.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ibi tí òwú náà ti ń wá. Tí wọ́n bá gbé àga àtijọ́ wá fún àtúnṣe, ẹ̀gbọ́n á fa wàjàwàjà ìdí rẹ̀ ya, á sì jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àbúrò ló máa ń ṣà á. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ò mọ ohun tó ń gbé nínú òwú ìdí àga! Ẹyin aáyán. Irun ajá. Ṣingọ́ọ̀mù tó ti le bí òkúta. Èékánná. Èékánná ẹsẹ̀ o! Obìnrin yìí á jókòó, á tú u ní fọ́nrán-fọ́nrán, á fọ̀ ọ́ nínú omi mẹ́ta, á sá a, á tún un lọ́.

Mo bi í pé kò ń rí i lára ni.

"Ó ń rí mi lára kẹ̀. Ìdí tí mo fi ń fọ̀ ọ́ nìyẹn. Fífọ̀ gan-an niṣẹ́. Híhun ni mo fi ń sinmi."

Òwú tó fọ̀ báyìí ló fi ọdún márùn-ún ṣe ohun kan tó ga ju ilẹ̀kùn lọ. Kì í ṣe aṣọ. Ọ̀já tóóró tóóró tó hun ló tò léra wọn, ó wá so irinwó wàjàwàjà ó lé méjìlá mọ́ ọn, láti orí funfun wá sí pupa dúdú. Kò sí fọ́nrán méjì tí àwọ̀ wọn bára mu, torí àga ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá. Atẹ́gùn díẹ̀ báyìí, gbogbo rẹ̀ á mí, bí ẹni tó ń sùn. Mo pariwo nígbà tí mo rí i. Mo pariwo gan-an ni!

Bí ọ̀gá ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà ńlá kan ṣe gbọ́ nípa rẹ̀ nìyẹn, tó wá fúnra rẹ̀. Ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun, bàtà rẹ̀ náà funfun.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká gbé e kọ́ sílé àfihàn wa, a máa kọ orúkọ yín sára ògiri, lẹ́tà gàdàgbà-gadagba báyìí."

"Ta ni màmá yín? Ẹ̀yin tí irùngbọ̀n yín dà bí ọṣẹ ìfọṣọ?"

Ó fi ṣàwàdà ni, àmọ́ ó ní kí ọ̀gá tún ọ̀rọ̀ orúkọ náà sọ. Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ nìyẹn, kí orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní bẹ̀rẹ̀ kó tó rí i. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá síbi àfihàn náà. Ẹ̀gbọ́n ní òun á wá tí àga bá wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú àfihàn náà, ló lọ gbé e kọ́. Ọ̀nà kan wà tí àwọn tó ń lọ́ okùn ń gbà ṣiṣẹ́. Wọn kì í di ìdí okùn lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e kọ́. Ìda oyin díẹ̀ ni wọ́n máa ń fi lẹ ìdí rẹ̀ pọ̀, kó lè fi ìwúwo ara rẹ̀ nà fún ọjọ́ méje kí gbogbo rẹ̀ gùn dọ́gba. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ń dì í. Tí omi bá kàn án kó tó dìgbà náà, ó parí, òwú á wú, ìda á bọ́, gbogbo ohun tí wọ́n lọ́ á tú padà.

"Ẹ jọ̀ọ́, omi ò gbọdọ̀ kàn án títí màá fi dé," ló sọ fún ọ̀gá náà.

"Omi kẹ̀? Ta ló fẹ́ da omi sí i?"

Wọn ò da omi sí i lóòótọ́. Tíì ni wọ́n dà sí i!

Ní Ọjọ́bọ̀, àlejò pàtàkì kan sọ pé ohun yìí mọ́ jù, pé kò jọ ohun tó ti ìdí àga àlòkù wá. Ni ọ̀gá bá ní kí àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́ di ògbólógbòó. Wọ́n kó tíì tó ṣẹ́kù sínú ife gbogbo èèyàn jọ sínú garawa kan. Tíì oníwàrà! Tí ètè àwọn èèyàn ti kàn! Wọ́n bù ú wọ́n ọn, wọ́n sì fi ekuru tí wọ́n gbá nínú kápẹ́ẹ̀tì ra ìdí rẹ̀. Ṣíọ̀!

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kejì, ọjọ́ àfihàn gan-an, lèmi àtòun débẹ̀ kó lè di ìdí àwọn okùn náà. Ẹ̀gbọ́n náà wá, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì onísítáàṣì. Àtẹnu ọ̀nà ni òórùn náà ti pàdé wa, wàrà kíkan, bí ìgò ọmọ tí wọ́n gbàgbé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Eṣinṣin ti dé ṣáájú wa. Ìda ti bọ́, okùn ti tú, apá òsì ti súnkì lọ sókè. Àwọn wàjàwàjà rí jákujàku bí ìdí adìyẹ tí òjò pa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri lóòótọ́, lẹ́tà gàdàgbà-gadagba.

Ìyá Wàjàwàjà sún mọ́ àwọn wàjàwàjà náà. Ó di ọ̀kan nínú wọn mú. Ó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ẹ wò ó," ni ọ̀gá wí, ojú rẹ̀ ń dán, "ó ti wá lẹ́mìí báyìí. Òórùn yẹn gan-an ni ìtàn."

"Ìtàn ta ni?"

"Ti ìyà yín, Màmá."

"Ìyà mi?" Ibẹ̀ ni "ẹ̀yin" ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ìwọ yìí, mo fọ̀ ọ́! Ọdún márùn-ún ni mo fi fọ̀ ọ́! Kí lo wá rí tó o fi itọ́ àjèjì sí i?"

"Aago mẹ́rin làwọn àlejò ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, orúkọ yín náà á kúrò lára ògiri. Ẹ rò ó dáadáa."

Ó rò ó. Mo rí i tó wo orúkọ náà láti lẹ́tà àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé. Lẹ́yìn náà ló wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ti fi áńkáṣíìfù bo imú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa sọ̀rọ̀ ìdí àga yín kí n gbọ́."

"Àbúrò, tí wọ́n bá gbé àga tó ń rùn báyìí wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ìta ló máa dúró sí."

"Ó dáa. Ẹ bá mi di àkàbà mú."

Tẹ̀gbọ́n tàbúrò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. A ò tíì jáde tán tí òṣìṣẹ́ kan ti ń fi èékánná ha orúkọ rẹ̀ kúrò ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ sọ fún mi pé àbààwọ́n tíì tó kù lára ògiri ni wọ́n ń fi han àlejò, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Àbààwọ́n!

Nígbà tó gbé e dé yàrá iṣẹ́ rẹ̀ tó ń fọ̀ ọ́, omi àkọ́kọ́ dà bí ọbẹ̀ tó ti bà jẹ́. Ìkejì ní ìfóòfó funfun lójú. Omi kẹfà ló tó mọ́. Nínú irinwó ó lé méjìlá, igba àti mẹ́rìndínlógójì ló ṣeé tún lọ́. Èèyàn méjì ló sì gbọ́dọ̀ di okùn mú tí wọ́n bá fẹ́ tún un lọ́, ẹnì kan níhìn-ín, ẹnì kan lọ́hùn-ún. Ẹ̀gbọ́n ló di orí kejì, apá ṣẹ́ẹ̀tì ní kíká, ó ń bínú, ó ń pòṣé.

"Ẹ fà á le," ni àbúrò ń wí. "Ẹ̀gbọ́n, mo ní ẹ fà á le! Àbí àwọn tìmùtìmù yín ti kọ́ yín ní rírọ̀?"