Epìyà Tó Kọ Oúnjẹ

Ara Lábíkẹ́ kì í balẹ̀. Bí ó bá gbé omi kaná, kí ó tó hó, yóò ti ṣí ìdérí rẹ̀ láìmọye ìgbà. Àgbàlá kan náà la jọ ń gbé ní Ìbòkun. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń mú mi bínú.

Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni wọ́n bí i sí. Níbẹ̀, wọn kì í pa ẹja Ọ̀ṣun; wọ́n kàn ń wò ó ni. Lábíkẹ́ dàgbà, ó lọ́kọ, kò fọwọ́ kan ẹja tó ń mí rí. Nígbà tí àwọn tó ń wa góòlù da odò wa rú, tí omi pọ́n, tí ẹja wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kú, òun ló sáré fi igbá gbọ́n epìyà kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó dà á sínú bàsíà. Ó ní èyí kò ní kú.

Epìyà kò jẹun. Lábíkẹ́ fún un ní gààrí, ó fún un ní búrẹ́dì, ṣùgbọ́n ẹja pa ẹnu dé pinpin. Lábíkẹ́ ń jáde, ó ń wọlé. "Ebi á pa á kú o!" Mo ní kó fi ẹja ẹlẹ́ja sílẹ̀. Ta ní ń gbọ́? Ó mú un, ó fi ìka ṣí i lẹ́nu. Àwọn nǹkan tíntìntín tú jáde sínú omi. Ó gbé ẹja sínú omi mìíràn, ó da ti àkọ́kọ́ sílẹ̀.

Màmá Phebe, ìyá ọkọ rẹ̀, ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ó tẹjú mọ́ ilẹ̀. "Ìyàwó, kí lo dà nù?"

"Èébì ẹja ni, Màmá."

"Èébì kẹ̀? Ọmọ rẹ̀ nìyẹn! Ẹnu ló ń kó wọn sí. Bí wọ́n bá wà níbẹ̀, kì í jẹun, kó má baà gbé wọn mì."

Lábíkẹ́ figbe ta. Ó kúnlẹ̀, ó ń fi ewé kókò kó wọn nílẹ̀. Mo bá a kúnlẹ̀. Àwọn kan ṣì ń mira.

A gbé gbogbo wọn lọ sí odò kékeré tí àwọn awagóòlù kò tíì dé. Àwọn ọmọ kóra jọ síwájú epìyà. Ó yanu, wọ́n wọlé, ó tún pa á dé.

"Màmá, mélòó ló kù?"

"A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ, ìyàwó."

Lábíkẹ́ jókòó sórí òkúta. Mo ní ká máa lọ sílé, kò dìde. Àwọn tó kú ṣì wà nínú ewé lọ́wọ́ rẹ̀.