Fóònù Dádì Ló Lé Mama Lindi Jáde

"Ẹ ti ṣọ́ọ̀bù! Wọ́n ti ń bọ̀ wá lù wá!"

Dádì mi ló pariwo bẹ́ẹ̀, fídíò ibi tí wọ́n ti ń lu àwa àlejò ṣì ń lọ lórí fóònù ẹ̀. Èmi ń dirun fún Mama Lindi, ọmọ Zulu, ọmọ onílùú tí a wá ṣàlejò sí, oníbàárà wa láti kékeré mi. Ìdajì orí ni mo ṣe tán tí Dádì fi lé e jáde.

"Eish, ọmọ mi, èmi náà lẹ ń sá fún?" Mama Lindi bi mí lẹ́nu ọ̀nà.

Mo yọjú síta. Àwọn ará Hillbrow, àdúgbò wa, ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Fídíò yẹn ti lé lọ́dún mẹ́ta! Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Dádì wo irú ẹ̀ dópin, fóònù ò gbé nǹkan mìíràn wá bá a mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé bàbá tèmi nìkan ni fóònù ń darí?

Mo ti kó àtáṣimẹ́ǹtì tó kù lára irun Mama Lindi sínú báàgì ilé ìwé mi. Ibi tí mò ń lọ lọ́la, mi ò ní sọ fún ẹnì kankan.