Òǹtẹ̀ Deokchil Tó Wà Nínú Agolo Bisikíìtì

Ọjọ́ kẹsàn-án nìyẹn tí Thoa kò bá bàbá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Kò bú u. Kò fi ebi pa á. Ìrẹsì ń jáde lásìkò, ọbẹ̀ gbóná, ẹ̀fọ́ kíkan wà nínú àwo kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Yóò gbé e kalẹ̀, yóò tẹríba díẹ̀, yóò padà sí ìdáná. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni Pyo Deokchil ń rí. Tẹ́lẹ̀, kò sí àárọ̀ tí kì í sọ pé, "Bàbá, ẹ jẹun dáadáa o, òtútù mú lónìí." Ọ̀rọ̀ lásán ni. Àṣé ọ̀rọ̀ lásán yẹn ni bàbá náà fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́.

Ó ro ohun tó ṣe. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń fi iyọ̀ àti ata rẹ ẹ̀fọ́ òtútù sínú ìkòkò, ó ní iyọ̀ ti pọ̀ jù. Bóyá ìyẹn ni. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ọdọọdún náà ni Thoa ń dá a lóhùn pé, "Iyọ̀ ò pọ̀, ahọ́n yín ló ti dàgbà," tí àwọn méjèèjì yóò sì rẹ́rìn-ín. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Kò rí nǹkan kan dìmú.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni Deokchil. Abúlé Dolgol ni wọ́n bí i sí, lẹ́sẹ̀ òkè, níbi tí òkúta ti pọ̀ ju iyẹ̀pẹ̀ lọ. Ó lo ọdún mẹ́ta nílé ìwé, bàbá rẹ̀ mú un kúrò, ó ní màlúù kì í dúró de ìwé. Ó wa èédú nínú ilẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá, ó kó ikọ́ bọ̀ wálé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ata. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Kó tó kú, díẹ̀díẹ̀ ló ń gbàgbé nǹkan, títí ó fi gbàgbé orúkọ ara rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ dojú dé e lóko ata, ọdún kẹrin rèé.

Ìyàwó ọmọ náà ni Thoa. Vietnam ló ti wá, ó pé ọdún mẹ́rìnlá. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, àwọn ènìyàn ń retí kó di ẹrù. Kò di ẹrù kankan. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ó ń gbin ata, ó ń tọ́ Boram ọmọ rẹ̀, ó ń se oúnjẹ fún bàbá ọkọ. Kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró. Kò sì sí ẹni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí Deokchil kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú ẹ̀.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n ṣe lábúlé ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá náà kò tíì mọ̀.

Wọ́n rán obìnrin kan wá láti ìlú, Tak lorúkọ rẹ̀, Olùkọ́ ni gbogbo abúlé ń pè é. Ọjọ́rú mẹ́ta ló wá sí gbọ̀ngàn abúlé. Ó ta aṣọ kan mọ́ ògiri, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ńláńlá sára rẹ̀: ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ìkópa, kí a má fi ẹnikẹ́ni sẹ́yìn. Deokchil jókòó, ó ń wò ó. Ilẹ̀ gbọ̀ngàn gbóná lábẹ́ ìdí. Nítorí ìyẹn ló ṣe wá, kì í ṣe nítorí ọ̀rọ̀ ara aṣọ. Ọ̀rọ̀ tó bá tóbi tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó gbé e wá kì í sábà bá ènìyàn gbé e délé.

Obìnrin náà pín bébà kéékèèké, ó ní kí oníkálukú kọ ohun tó fẹ́, kó sì lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Deokchil ki tirẹ̀ bọ àpò. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Ní Ọjọ́rú kejì, Olùkọ́ béèrè pé, "Ta ni kò tíì nawọ́ rí nínú ìpàdé òpin ọdún abúlé yìí?"



"Màlúù mi," Ìyá àgbà Gu dáhùn. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni, ẹnu rẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Deokchil náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín lọ sílẹ̀, ọwọ́ Thoa wà lókè.

"Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti lò níbí," ó ní. "Mo ti di ọmọ ilẹ̀ yìí, ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Èmi ni mò ń gbá gbọ̀ngàn yìí. Tí ìpàdé òpin ọdún bá dé, ìdáná ni mo máa ń wà, mò ń gé èso píà. Mo máa ń gbọ́ àtẹ́wọ́. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún."

Olùkọ́ ní ìlànà abúlé ló fà á: ilé kan, ohùn kan. Olórí ilé ní í sọ̀rọ̀, òǹtẹ̀ olórí ilé, igi kékeré tí wọ́n gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sí lẹ́nu, ni wọ́n sì ń tẹ̀ sórí ìwé. Tó bá wu abúlé, wọ́n lè yí i padà nípàdé òpin ọdún, kí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀. Ó wo Deokchil. Deokchil mi orí. Kò yé e tán, ṣùgbọ́n kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ilé kan, ohùn méjì. Ohùn kì í jẹ ìrẹsì.

Lẹ́yìn Ọjọ́rú kẹta ni Thoa dákẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, ara kò gba Deokchil mọ́. Ó rìn lọ sí gbọ̀ngàn. Ìyá àgbà Gu ló bá níbẹ̀, tó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó ọmọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan kan ni?"

Ìyá àgbà wò ó. "O ò mọ̀?"

"Mi ò mọ̀."

"Deokchil, ojú ẹ mà le o. O gbá ọmọ ọlọ́mọ létí tán, o tún ń béèrè ohun tó ń pa á lẹ́kún."

"Èmi kẹ̀? Mi ò fọwọ́ kàn án!"

"Lọ wo pátákó ìta. Ìwé tuntun tó wà níbẹ̀. Tìrẹ ló ṣáájú."

Ó wọ bàtà ní ìwọ̀kuwọ̀, ó jáde. Ìwé kan wà lábẹ́ gíláàsì pátákó. Ó ń kà á bí ẹni ń gun òkè. Àwa tí òǹtẹ̀ wa wà nísàlẹ̀ yìí. Kò fẹ́. Kí ìlànà abúlé. Yí padà. Lábẹ́ rẹ̀, òǹtẹ̀ pupa tò lọ bí ata tí wọ́n sá sórí ẹní. Èyí tó wà lókè pátápátá: Pyo Deokchil.

Ó dúró níbẹ̀ títí etí rẹ̀ fi kú fún òtútù. Ìgbà wo ni òun ṣe eléyìí? Ó wá a nínú orí rẹ̀, kò rí i. Ẹ̀rù bà á. Báyìí náà ni ti ìyàwó rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀: á fi kọ́kọ́rọ́ sínú ìrẹsì, á ní òun kọ́. Ó ka ọjọ́ ọ̀sẹ̀ lórí ìka. Ó pé. Ó ka orúkọ àwọn ajá tó ti sìn láyé rẹ̀. Ìyẹn náà pé.

Ìgbà tó dé ìdajì ọ̀nà ilé ló rántí agolo.

Òǹtẹ̀ Deokchil kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti tó ọdún méjìlélógún. Ọ́fíìsì ìjọba jìnnà. Ìwé ajílẹ̀ ń fẹ́ òǹtẹ̀, ìwé omi ń fẹ́ òǹtẹ̀, ìwé ọ̀nà náà ń fẹ́. Nígbà tí Ok Byeongdal di baálẹ̀, gbogbo ilé kó òǹtẹ̀ wọn fún un. Ó dà wọ́n sínú agolo bisikíìtì kan, òun ló sì ń bá gbogbo ènìyàn tẹ̀ ẹ́. Ìrọ̀rùn ni. Kò sí ẹni tó tún rò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Ó yà sílé Byeongdal, ó bá a lẹ́yìn ilé, tó ń la igi. Ẹgbẹ́ ni wọ́n. Odò kan náà ni wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́.

"Byeongdal, ìwé ara pátákó. Ta ló tẹ òǹtẹ̀ mi sí i?"

"Èmi ni. Ta ni ìbá tún jẹ́?"

"O ò bi mí."

"Ìgbà wo ni mo bi ọ́ rí?" Byeongdal gbé àáké sílẹ̀. Ẹnu yà á lóòótọ́. "Tí mo bá bi ọ́, kí lo máa ń wí? 'Ṣe é bó ṣe yẹ.' Mo ṣe é bó ṣe yẹ. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyàwó ọmọ ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ilé wo ló máa tòrò? Àlàáfíà yín ni mò ń wá."

"Ilé mi ò tòrò báyìí."

"Á tòrò."

"Fún mi ní òǹtẹ̀ mi."

Ojú Byeongdal wá yí padà. Kì í ṣe ìbínú. Ó dà bí ẹni tí wọ́n pè lólè níwájú ìyá rẹ̀. "Ọdún méjìlélógún! Ṣé mo fi ta ilẹ̀ ẹ ni? Ṣé mo fi yáwó? Ta ló pọn ìyàwó ẹ nínú yìnyín lọ sójú títì, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ aláìsàn ò lè gòkè?"

"Ìwọ ni."

"Ó dáa. Wá gbà á nípàdé, lójú gbogbo ayé. Kí wọ́n mọ̀ pé o ò fọkàn tán mi mọ́."

Deokchil padà sílé lọ́wọ́ òfo. Kò mọ ẹni tó jàre. Òótọ́ ni pé Byeongdal pọn ìyàwó òun. Òótọ́ náà ni pé òun máa ń sọ pé kó ṣe é bó ṣe yẹ. Tí ènìyàn bá gbé ọwọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, tí ọwọ́ náà sì gbá ẹnìkan, ta ló gbá a? Kò rí ìyẹn lára aṣọ Olùkọ́.

"Ìyá Boram," ó ní nígbà tí Thoa gbé ọbẹ̀ kalẹ̀, "èmi kọ́ o. Òǹtẹ̀ ni."

Thoa dúró. Ó wò ó pẹ́, bí ẹni tó ń retí ìyókù. Ìyókù kò sí. Deokchil ti sọ gbogbo ohun tó mọ̀. Obìnrin náà tẹríba díẹ̀, ó padà sí ìdáná.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá náà rí ìwé kan lórí tábìlì: àwòrán yàrá tí wọ́n fẹ́ fi háyà nílùú, nítòsí ilé ìwé. Ó yí i dojú dé, ó tún ṣí i padà bó ṣe wà. 

Ọjọ́ Ẹtì ni ìpàdé. Gbọ̀ngàn kún. Àwọn ọkùnrin wà níwájú, àwọn opó tó jẹ́ olórí ilé wà lẹ́yìn, àwọn obìnrin yòókù wà ní ìdáná. Olùkọ́ wà ní igun. Byeongdal gbé agolo síwájú ara rẹ̀, ó tẹ́ ìwé inú pátákó sílẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ìlànà ti parí, ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti tẹ òǹtẹ̀.

Deokchil dìde. Orúnkún rẹ̀ dún.

"Mo fẹ́ gba òǹtẹ̀ mi."

  Byeongdal da agolo dé, òǹtẹ̀ sì tú sílẹ̀ yàà, igi kéékèèké dúdú. Deokchil kúnlẹ̀, ó ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn ni lẹ́tà ara òǹtẹ̀ ń kọ sí ènìyàn, òdì ni wọ́n gbẹ́ wọn. Gbogbo wọn jọra. Ó mú ọ̀kan, ó jù ú sílẹ̀. Ó mú òmíràn. Kò dá tirẹ̀ mọ̀ mọ́. Ooru mú un.

"Sún kúrò níbẹ̀ jàre." Ìyá àgbà Gu ti fi ìdí wọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbé awò lé imú. "Pyo rèé. Pyo Deok... Deokman! Ẹ̀gbọ́n ẹ kọ́ nìyẹn? Ṣebí ó ti kú?"

"Ọdún kẹsàn-án rèé," Deokchil ní.

"Tàdáwà pupa ṣì wà lẹ́nu ẹ̀." Ó na ọrùn sórí ìwé. "Ó wà níbí o! Ìlà kẹrìndínlógún! Deokman ti ọ̀run wá kópa! Olùkọ́, ẹ̀kọ́ yín mà ti dé ọ̀run!"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ará ìdáná yọjú.

"Mo ṣèèṣì ni," Byeongdal ní. "Wọ́n jọra. Mo rò pé ti Deokchil ni."

"O ti kọ́kọ́ tẹ ti Deokchil!" Ìyá àgbà Gu ní.

"Mo gbàgbé pé mo ti tẹ̀ ẹ́." Ohùn rẹ̀ kéré.

Deokchil kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì rí ẹ̀rù tó ba òun náà níwájú pátákó. Ó ṣe é bíi kó jókòó. Ṣùgbọ́n ó ti dìde, yàrá ìlú sì wà lórí tábìlì. Ó ki àtàǹpàkò bọ inú tàdáwà pupa tó wà níwájú Byeongdal, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀.

"Bàbá," Olùkọ́ ní, "ṣé ẹ fẹ́ kó yí padà ni, àbí ẹ ò fẹ́?"

"Mi ò mọ gbogbo ohun tí ẹ ń kọ́ wa." Ó nu imú. "Òǹtẹ̀ yẹn, èmi kọ́. Ìka yìí, èmi ni. Kí ìyá Boram kúrò ní ìdáná, kó wá jókòó síbí. Ohun tó bá wí, ẹ kọ ọ́."

"Ìka kì í ṣe òǹtẹ̀!" ẹnìkan ké láti iwájú. "Òǹtẹ̀ ni ìlànà wí!"

"Ilé Pyo ti wá ní mẹ́ta nìyẹn. Igi kan, òkú kan, ìka kan!"

"Ti bàbá tèmi ńkọ́? Ẹ bá mi wò ó bóyá òun náà ti tẹ̀ ẹ́!"

Ariwo ta. A kò gbọ́ ẹni tó ń sọ pé ìka tó, a kò gbọ́ ẹni tó ń sọ pé kò tó. Nígbà tó pẹ́, Byeongdal gbé ọwọ́ sókè. Ó ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìlànà sílẹ̀ di ẹ̀yìn ọdún tuntun. Kí oníkálukú kọ́kọ́ mú òǹtẹ̀ rẹ̀ lọ sílé. Gbogbo wọn wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn àgbàlagbà, wọ́n ń tẹ òǹtẹ̀ sára ìwé ìròyìn kí wọ́n lè mọ ti ta ni. Thoa gbé àwo píà wọlé. Ó gbé e kalẹ̀. Kò padà sí ìdáná. Ó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Deokchil kó òǹtẹ̀ Pyo méjèèjì sápò, kò dúró tẹ̀ wọ́n wò kó mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Nígbà tó ń jáde, Byeongdal wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń kó òǹtẹ̀ àwọn òkú padà sínú agolo. Deokchil fẹ́ sọ nǹkan kan fún un. Ó dúró, ó wá a. Bóyá kó dúpẹ́, bóyá kó tọrọ gáfárà, kò mọ̀. Ó wọ bàtà rẹ̀.

Nílé, ìrẹsì dé. Ó na ọwọ́ sí ṣíbí.

"Bàbá."

Ó gbójú sókè.

"Ẹ lọ fọwọ́ yín kẹ́ ẹ tó jẹun. Ẹ ti fi pupa kun gbogbo ara ṣíbí."

Ó dìde, ó lọ fọ̀ ọ́. Ó lo ọṣẹ, ó lo iyọ̀. Nígbà tó padà, ìkòkò ọbẹ̀ ti wà lórí tábìlì, orí àwòrán yàrá ìlú ni Thoa gbé e lé, omi sì ti rin ín.

"Kò lọ," Deokchil ní, ó na àtàǹpàkò náà sí i.

"Ẹ máa jẹun bẹ́ẹ̀," Thoa ní. "Òtútù mú lónìí."