Lẹ́tà Tí Mo Fi Gbé Bàbá Mi Dìde

Orí igi àgbọn ni bàbá mi ti já bọ́ lẹ́yìn ilé wa ní Ajá, nígbà tí wọ́n wálé ìsinmi láti Ìkòyí, níbi tí wọ́n ti ń ṣe kúùkù fún òyìnbó kan. Ẹsẹ̀ ọ̀tún dá. Bàbá tó ń to eegun fi ọparun dì í, ó ní yóò san. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, ẹsẹ̀ náà ti wú, ó ti dúdú, ó sì ti ń rùn. Mo rí i. Kí n má purọ́, mo rí i dáadáa.

Òyìnbó gbọ́, ó fi lẹ́tà rán atukọ̀ kan sí wa. Ṣé ara kúùkù òun ti yá? Bí kò bá tíì yá, òun á fi ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì òun ránṣẹ́ ní Sátidé, kí wọ́n gbé e lọ sọ́sibítù. Títì kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà yẹn, omi là ń gbà lọ Èkó.

Èmi nìkan ni mo mọ̀wé nílé wa, èmi náà ni kí n fèsì. Bàbá mi ní, "Sọ fún un pé a dúpẹ́, ara ti ń mókun."

Ta ni kò mọ èyí láàárín wa? Bí a bá bi aláìsàn léèrè ara, "a dúpẹ́" ni yóò wí, ì báà ku ẹ̀mí nìkan. Ẹni tó gbọ́ ọ á mi orí, á sì gbé àgbo wá lọ́la. Ṣùgbọ́n èmi, ọ̀mọ̀wé! Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni tíṣà kọ́ wa ní oríṣiríṣi bí òyìnbó ṣe ń sọ pé èèyàn ti bọ́ nínú ìṣòro. Gbogbo rẹ̀ ni mo dà sínú lẹ́tà. "He is on the mend," pé ara rẹ̀ ti ń yá. "He has turned the corner," pé ó ti kọjá ewu. Ìyẹn ò tó mi, mo tún fi "He is back on his feet" lé e, pé ó ti ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ẹsẹ̀ wo, èmi aláṣejù yìí? Mo kà á sókè fún ìyá mi. Wọn ò gbọ́ ẹyọ kan, síbẹ̀ wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ní Sátidé, a wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun fún bàbá mi, a gbé wọn lọ sétí omi, a tẹ́ wọn sórí ẹní. Lọ́kàn mi, ọkọ̀ á ṣáà wá. A retí títí. Atukọ̀ ìjọ́sí náà ló dé, lẹ́tà ló mú wá. Òyìnbó ní inú òun dùn púpọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ara ti yá, ọkọ̀ òun ò ní wá mọ́. Kí kúùkù òun máa bọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ní Mọ́ńdè.

Mo gbé o! Ìwé já bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Kí ló wí?" ìyá mi bi mí.

"Ó ní òun ò wá mọ́."

"Háà! Kí la fi ṣe é?"



Àwọn apẹja fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ gbé wọn dé Èkó. Dókítà ní a ti pẹ́ jù. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé wọn padà wálé, mo kúnlẹ̀, mo fi ẹkún jẹ́wọ́ gbogbo ohun tí mo kọ. Wọ́n ní, "Dákẹ́. Ohun tí mo ní kí o sọ náà lo sọ." Ó dùn mí ju kí wọ́n nà mí lọ. Nítorí gbogbo ìgbà tí mo fi jókòó tì wọ́n, tí mò ń wá ọ̀rọ̀ òyìnbó tó dùn jù lọ, mi ò bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé, "Bàbá, ṣé ó ń dùn yín?"