Òǹtẹ̀ Tó Jìnnà Sí Àga

Ọdún mẹ́tàlélógún lórí àga. Bàbá Olóǹtẹ̀ ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì, torí kò sí lẹ́tà tó ń jáde níbẹ̀ tí kì í kọ́kọ́ gba òǹtẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo nǹkan wà ní àrọ́wọ́tó: òǹtẹ̀ lọ́tùn-ún, fáìlì lósì, ike omi lẹ́bàá ẹsẹ̀. Àga náà ní táyà. Tó bá fẹ́ dé ojú fèrèsé, á fẹsẹ̀ ti ilẹ̀, ó di gírírí. Ó máa ń fi yangàn pé òun kì í dìde.

Àfi ìgbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ.

Àjà kẹrin lọmọ rẹ̀ yìí ń gbé. Àtẹ̀gùn nìkan. Bàbá gùn ún dé àjà kìíní, ẹsẹ̀ wú, àyà ń lù kì-kì-kì. Ó padà sílé. Ó ní ibi iṣẹ́ ló pe òun. Irọ́ funfun báláú.

Ọmọ ní òun á gbé ìkókó wá. Ó kọ̀. Ṣé bàbá àgbà ló yẹ kó jókòó, kí wọ́n máa gbé ọmọ tuntun wá kí i?

Ó lọ sí ilé ìwòsàn, dókítà tẹ ojúgun rẹ̀. Ojú ibẹ̀ jìn, kò tètè padà. "Ìjókòó ni, bàbá. Ẹ máa dìde."

Lọ́jọ́ kejì ní ọ́fíìsì, ó gbé òǹtẹ̀ lọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù ẹnu ọ̀nà. Ìpẹ̀kun yàrá gan-an.

"Kí ni òǹtẹ̀ ṣẹ̀ yín?" Obìnrin atẹ̀wé tó kọjú sí i ló bèèrè.

"Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́. Mi ò lọ kí i nílé rí."

"Ẹ jẹ́ n bá yín mú un wá."

"Dán an wò, ká jọ jà!"

Lẹ́tà kan, ìrìn kan. Ó ń di ògiri mú. Àwọn tó ń dúró de lẹ́tà ń pòṣé. "Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà," ló ń wí. Lọ́sẹ̀ kẹta, atẹ̀wé gbé ike omi tirẹ̀ náà síbi òǹtẹ̀. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lọ mu omi.

Lọ́sẹ̀ kẹfà, Bàbá lọ sílé ọmọ rẹ̀. Àjà kìíní. Ìkejì, ó fara ti irin àtẹ̀gùn. Orí ọmọ rẹ̀ yọ lókè.

"Dádì, ẹ dúró, mò ń gbé e bọ̀!"

"Má sọ̀ kalẹ̀ o! Èmi ni mò ń bọ̀."

Ìkẹta. Ó mí. Ó tún mí. Ìkẹrin.

Ọmọ ti gbé àga sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá wò ó, bí èèyàn ṣe ń wo ọ̀rẹ́ tó ti ṣi òun lọ́nà rí.

"Gbé ìyẹn kúrò. Gbé ọmọ wá."

Orí ìdúró ló ti gbà á. Ìkókó la ojú kan, ó tún dì í.